Ọta Kẹfà Kò Sáré Tó

Nọ́ńbà mẹ́fà ló wà lójú ẹ̀rọ tó ń ka eré ọta ìbọn nígbà tí Nora Tvedt tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ jọra bí ọmọ ìyá kan náà: 851, 848, 855, 850, 853. Ẹ̀kẹfà ni 738. Ọta tó sáré 738 yẹn ló gba inú bébà tí wọ́n ń yìn sí kọjá, tó wọ Roy Petrie láyà lẹ́yìn pátákó, ibẹ̀ náà ló sì kú sí.

"Kí ló dé tí èyí fi lọ́ra?" ó bi mí.

"Ṣé ìyẹn ló kàn báyìí? Bó ṣe lọ́ra tó yẹn náà, ó ti pa èèyàn."

"Mi ò ní kò pa èèyàn. Mo ní kí ló dé tó fi lọ́ra."

Bí Nora ṣe rí nìyẹn. Òun nìkan ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ọ́fíìsì Ṣẹ́rífù wa ní, obìnrin kúkúrú tí kì í yé jẹ hóró sọnfúláwà, tó máa ń tu èèpo rẹ̀ sínú ife kọfí tó ti tán. Ó lè bi èèyàn ní ìbéèrè kan náà títí èèyàn á fi fẹ́ purọ́ fún un kó lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́. Tó bá ti rí ohun kan tí kò jọ ìyókù, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́, kò sì ní jẹ́ kí ti ẹlòmíràn balẹ̀.

Èmi ò rí ìdí tá a fi ń da ara wa láàmú. Ẹni tó pa á ti jẹ́wọ́. Orrin Haugland ló tẹ̀ wá láago fúnra rẹ̀ láti pápá ìyìnbọn. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti fi kóòtù rẹ̀ bo òkú lójú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Èmi ni, Wendell. Mo yìn ín, mi ò wò bóyá ó ti kúrò lẹ́yìn pátákó. Dè mí, ọmọ mi."

Ìyàwó rẹ̀, Marvel, wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù wọn, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé. Mo kan fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ṣé mo ti jẹun.

Mo ní mo ti jẹun. Roy tó sùn sílẹ̀ yẹn, àbúrò rẹ̀ ni. Roy ṣì ń rá nígbà tí ìyá wọn kú, Marvel ló sì tọ́ ọ dàgbà. Láti bí ọdún mélòó kan ni iyè Marvel ti ń ra, débi pé Orrin kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan nílé mọ́. Gbogbo ibi tó bá ń lọ ló ń gbé e lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn pé kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú sì tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mò ń dúpẹ́ sí.

Ní Bascom níbí, ọ̀pọ̀ wa la máa ń rọ ọta ìbọn wa fúnra wa. A máa ń ṣa kòròfo idẹ tá a bá ti yìn, a ó fọ̀ ọ́, a ó wọn ẹ̀tù tuntun sínú rẹ̀, a ó sì tẹ òjé lé e lórí. Ẹni tó bá ń ra ọta inú páálí ní ṣọ́ọ̀bù, a máa ń wò ó bí ẹni tó ń ra búrẹ́dì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Tó o bá ti rọ ọ́ tán, o ó gbé e lọ sí pápá, o ó yìn ín kọjá lórí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka bí ọta ṣe ń sáré sí. Bí nọ́ńbà bá jọra, ọwọ́ rẹ dára. Bí wọ́n bá ń fò síwá sẹ́yìn, wá ibi tó ti bàjẹ́ kó tó ṣe ẹ́ léṣe. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rọ tó Orrin. Òun ló ń rọ ti Roy pẹ̀lú.

Kincaid, agbẹjọ́rò ìjọba, kò fẹ́ gbọ́ nípa nọ́ńbà kankan. Ó wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú bàtà aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wọ̀ nínú yìnyín láti ìgbà tó ti dé ìlú wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ rin gbindin.

"Orrin àti Roy jà," ó ní. "Ní gbangba, níwájú ìdajì ìlú. Lẹ́yìn náà ẹnìkan pa ẹnìkejì. Bébà tuntun, ihò kan ṣoṣo, àárín gan-an. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó ń ṣèèṣì gbá àárín."

"Bébà àkọ́kọ́ tí Orrin yìn ńkọ́?" Nora bi í. "Ṣé ẹ wò ó?"

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ihò márùn-ún, ó fọ́n ká bí ata gígún. Ojú bàbá náà ti ń ṣú."

"Ó mú ìkẹfà dáadáa ni," Kincaid ní. "Mo máa pè é ní ìpànìyàn. Ẹ má fi àkókò mi ṣòfò."

Ó lọ. Nora tu èèpo sínú ife. "Ọta kan ṣoṣo," ó ní, "ó lọ́ra ju ìyókù lọ, ó sì tún lọ tààrà ju ìyókù lọ. Ṣé ìyẹn kò dà ẹ́ láàmú?"

Mo ní ohun tó ń dà mí láàmú ni pé Orrin á kú sẹ́wọ̀n. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Tí Kincaid bá rí i mú lórí ìpànìyàn, kò ní padà wálé mọ́, ìyàwó rẹ̀ á sì máa bi àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí léèrè ibi tó wà.

Vern Sather ni alága ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ẹnu rẹ̀ ni ìròyìn ìjà náà ti jáde. A bá a ní ilé kọfí, ó ń jẹ páì.

"Roy ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," Vern ní. "Ó ní ọta tí Orrin rọ fóun ń lọ́ra. Ó ní tí Orrin fúnra ẹ̀ bá yìn ín, á yá. Inú páálí kan náà ni wọ́n ti ń mú un o!"

"Ìbọn kan náà?" Nora bi í.

"Ìbọn ìléwọ́ Orrin. Òun ni wọ́n jọ fi ń yìn."

"Kí ni Orrin wí sí i?"

"Ó ní ẹ̀rọ Roy ló ti bàjẹ́. Roy ní ẹ̀rọ òun ò bàjẹ́, ọwọ́ Orrin ló ń gbọ̀n tí kò lè wọn ẹ̀tù dọ́gba mọ́. Ó ní, 'Ọjọ́ ogbó ti dé, Orrin. O máa da ẹ̀tù ìlọ́po méjì sínú ẹyọ kan lọ́jọ́ kan, o máa pa èèyàn.' Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

"Inú bí Orrin?"

"Ìwọ náà, Nora! Tí wọ́n bá sọ fún ẹ níwájú àwọn èèyàn pé o ò mọṣẹ́ ẹ mọ́, ṣé wàá rẹ́rìn-ín ni? Ó ní kí Roy gbé ẹ̀rọ ẹ̀ wá sí pápá lọ́jọ́ Sátidé, kí nọ́ńbà sọ ẹni tó ń parọ́." Vern ti àwo páì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àna ara wọn ni wọ́n, wọ́n tún jẹ́ ọ̀rẹ́. Tí n bá mọ̀ ni, mi ò bá ti sọ fún Kincaid."

"O ti sọ ọ́," Nora ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n Vern kò jẹ páì náà mọ́.

Orrin kò fún wa ní wàhálà kankan ní àtìmọ́lé. Ó dìde nígbà tí Nora wọlé, nítorí obìnrin ni, irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Kó tó jókòó, ó béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ Marvel. Mo ní Janelle ọmọ wọn ti dé láti Billings.

"Sọ fún un pé kó má fi omi gbígbóná jù wẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ ọ́n sọ mọ́ tó bá ń jó o."

"Mo máa sọ fún un," mo ní.

"Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, sà," Nora ní.

"Mo yìn márùn-ún. Roy ní kí n dúró kóun lọ pààrọ̀ bébà. Mi ò dúró."

"Wendell sọ fún mi pé tí èèyàn bá ń lọ sídìí bébà, ẹ máa ń ta àsíá pupa, gbogbo ìbọn á wà lórí tábìlì, wọ́n á ṣí i sílẹ̀, gbogbo èèyàn á sì sún sẹ́yìn. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ òfin yẹn sára ògiri."

"Mo gbàgbé."

"Gbogbo ẹ̀ lẹ gbàgbé?"

"Àgbà ni mí, ọmọ Tvedt. Roy ti sọ bẹ́ẹ̀, àbí wọn ò sọ fún ẹ?"

"Báwo lẹ ṣe yìn ìkẹfà?"

"Bí mo ṣe máa ń yìn ín láti ìgbà tí mo ti wà nínú ológun. Mo gbé e sókè, ẹnu ẹ̀ ń wo ọ̀run, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá sójú bébà, mo fà á."

"Márùn-ún yẹn náà, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe yìn ín?"

"Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà yìn ín."

"Marvel ńkọ́?"

Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Inú ọkọ̀ ló wà. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi Marvel sílẹ̀."

Nígbà tá a jáde, Nora ní bàbá náà ń parọ́. Mo ní ẹni tó ń parọ́ kì í wá ẹ̀wọ̀n kiri. Ó ní ìyẹn gan-an ló mú kóun mọ̀ pé irọ́ náà tóbi.

A lọ sí gáréèjì tí Orrin ti ń rọ ọta. Ibẹ̀ mọ́ ju ilé ìdáná mi lọ. A rí òṣùwọ̀n kékeré rẹ̀, a fi ìwọ̀n mìíràn dán an wò, kò parọ́. A tú ìdajì ọta tó kù nínú páálí ọjọ́ náà, a wọn ẹ̀tù inú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ̀tù kékeré báyìí ni, nísàlẹ̀ kòròfo gígùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi bíńtín ju èkejì lọ. Ọwọ́ bàbá náà kò gbọ̀n rárá. Inú mi kọ́kọ́ dùn fún un, kí n tó rántí pé Roy ti kú láìmọ̀ pé òun dá àna òun lẹ́bi lásán.

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀tù," Nora ní, "ẹ̀rọ ni."

A gbé ẹ̀rọ náà lọ sí pápá. Tí wọ́n bá gbé e súnmọ́ ẹnu ìbọn jù, èéfín àti afẹ́fẹ́ á dà á láàmú. A gbé e jìnnà sí i. A pààrọ̀ bátìrì. A ṣíji bò ó nítorí oòrùn tó ń ta lórí yìnyín. Ọta ṣọ́ọ̀bù tá a yìn kọjá lórí rẹ̀ ka iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní àìsàn kankan.

Ni mo bá rò pé mo ti rí ojútùú rẹ̀. "Òtútù!" mo ní. "Márùn-ún wà nínú àpò Orrin, ó gbóná lára ẹ̀. Ìkẹfà wà lórí tábìlì, ó tutù. Òtútù máa ń mú kí ẹ̀tù lọ́ra."

Nora wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì. Síbẹ̀ ó gbà kí a dán an wò pẹ̀lú ọta ti ara mi, a ri mélòó kan sínú yìnyín, a kó ìyókù sínú àpò. Ó lọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ṣíún ni, kò súnmọ́ ohun tí à ń wá.

Ó ku pé kó jẹ́ ìbọn mìíràn, pé ẹnìkan tí a kò mọ̀ dúró síbì kan. Ilé àyẹ̀wò ìjọba dá wa lóhùn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì dá ìbọn náà padà. Òjé tó wà láyà Roy, ìbọn Orrin ló ti jáde. Kincaid pè wá láti yọ̀ wá. Ó ní òun ń lọ sílé ẹjọ́ ní Mọ́ńdè.

"Jẹ́ ká lọ yìn ín," Nora ní.

Ọ̀sán ni, ojú ọ̀run funfun, kò sẹ́lòmíràn ní pápá. Nora ki ọta Orrin mélòó kan tá a fi sílẹ̀ láìtú sínú ìbọn Orrin. Ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ó nà án síwájú, ó yìn ín. Ẹ̀rọ ní 741.

"Ìyẹn náà lọ́ra," mo ní.

Ó tún yìn ín. 735. Ó gbé e fún mi. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, 744, lẹ́yìn náà 739.

Nora kò ju hóró kankan sẹ́nu mọ́. Ó dúró, ó ń wo nọ́ńbà náà, ètè rẹ̀ ń mì. "Wendell," ó ní, "a ti ń wá a sódì. Kì í ṣe ìkẹfà ló ṣàjèjì. Márùn-ún yẹn ni."

"Kò yé mi."

"Bí ọta yìí ṣe ń rìn nìyí. Bẹ́ẹ̀ ló rìn fún mi, bẹ́ẹ̀ ló rìn fún ẹ, bẹ́ẹ̀ ló rìn fún Roy tó fi bínú. Orrin nìkan ló ń sáré fún. Kí ni Orrin ń ṣe tí àwa ò ṣe?" Ó mú ìbọn lọ́wọ́ mi, ó tún ki í, ó dá a padà. "Yìn ín bíi tiẹ̀."

Mo gbé ìbọn náà sókè títí ẹnu rẹ̀ fi ń wo ọ̀run, mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sójú bébà, mo fà á. 852.

Mo gbé e láti ìsàlẹ̀: 740. Mo gbé e láti òkè: 849.

Ó yé mi kí Nora tó la ẹnu. Kòròfo náà gùn, ẹ̀tù inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó ń rìn kiri nínú rẹ̀. Tó o bá kọ ẹnu ìbọn sókè, gbogbo ẹ̀tù á ṣubú padà sídìí, níbi tí iná ti ń ràn, á sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá gbé e láti ìsàlẹ̀, ẹ̀tù á ti yí lọ síwájú, ìdí á ṣófo, iná á sì pẹ́ kó tó bá a. Ọta kan náà, ìbọn kan náà, bí wọ́n ṣe gbé e ló yàtọ̀. Orrin àti Roy ń jà lórí ọwọ́ tí kò gbọ̀n àti ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òtítọ́. Ó dùn mí wọra.

"Nítorí náà Orrin kọ́ ló yìn ìkẹfà," Nora ní. "Ẹni tó yìn ín gbé e láti ìsàlẹ̀."

"Ìdajì àwọn èèyàn agbègbè yìí ló ń gbé e láti ìsàlẹ̀," mo ní. "Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Ta ló kọ́ yín?"

Mo fi ìbọn náà lélẹ̀ lórí tábìlì.

Marvel Haugland ló kọ́ wa. Marvel ló kọ́ gbogbo ọmọdé ìlú yìí ní ìbọn yíyìn, nínú ìsìnmi ilé ìwé, ní pápá yìí gan-an. Ẹṣin ti gbé e ṣubú nígbà ọ̀dọ́, apá ọ̀tún rẹ̀ kò lè ga kọjá àyà láti ìgbà náà, nítorí náà ó ń gbé ìbọn láti orí tábìlì lọ tààrà sójú bébà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ló kọ́ Roy, àbúrò rẹ̀. Kò sì sí ọkùnrin kankan lágbègbè wa tó ń gbá àárín bébà tó o, kó tó di pé àárẹ̀ yìí mú un.

"Wendell?" Nora ní.

"Má jẹ́ kí n sọ ọ́," mo ní.

Kò ní kí n sọ ọ́. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ní ká máa lọ.

Orrin gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Nora sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nípa ìdí kòròfo àti bí ẹ̀tù ṣe ń yí. Nígbà tó parí, bàbá náà fi ọwọ́ nu ojú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mi ò ro ìyẹn rí. Láti àádọ́ta ọdún tí mo ti ń rọ ọ́." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Roy ì bá fẹ́ gbọ́ ọ."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?"

"Ó ku ẹyọ kan nínú ìbọn. Roy ń yọ mí lẹ́nu, inú ń bí mi, mo jù ú sórí tábìlì láìṣí i. Mo lọ tọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Roy wà lẹ́yìn pátákó, ó ń fi píìnì mú bébà. Bébà nìkan ni èèyàn lè rí." Ó dúró. "Mo gbọ́ ìró. Mo sáré jáde, bí mo ṣe lè sáré mọ. Marvel dúró nídìí tábìlì, ó dúró dáadáa, bíi ti àtijọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ya síra. Ó wò mí. Ó ní, 'Orrin, mo gbá a láàárín.' Inú ẹ̀ dùn. Mi ò tíì rí i kí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

Mo yíjú sí ògiri. Mo ń sunkún, mi ò sì bìkítà ẹni tó rí mi.

"Mo gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, mo mú un padà sínú ọkọ̀. Kí n tó bo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti gbàgbé." Orrin di tábìlì mú. "Òun ló tọ́ Roy, ọmọ Tvedt. Òun ló ń gbé e pọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n lọ sẹ́wọ̀n. Kí ló kù tí mo fẹ́ ṣe láyé? Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èmi."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, Kincaid máa pè é ní ìpànìyàn, ẹ ò ní jáde mọ́. Ta ló máa mọ̀ pé omi gbígbóná ń jó o?" Nora ní.

Orrin tú ọwọ́ kúrò lára tábìlì.

"Ohun tí mo mọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́," Nora ní. "Kò sẹ́ni tó máa gbé ìyàwó yín lọ sílé ẹjọ́, kò mọ ohun tó ṣe. Ẹ̀yin lẹ fi ìbọn tó lọ́ta nínú sílẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín, ẹ máa dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan lọ́fíìsì wa tó máa sọ ọ́ fún Marvel. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fún un nínú ilé yín, tiyín ni."

Kincaid pariwo títí, ó sì dákẹ́. Adájọ́ gba gbogbo ìbọn Orrin, ó ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kan mọ́ títí ayé, ó sì ní kó máa lọ sílé lọ tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Orrin kò bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló kó àwọn irinṣẹ́ ìrọta rẹ̀ lọ fún Vern.

Mo máa ń yà kí wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, Orrin ń sọ fún Marvel pé Roy rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ kò yé kí i kú ọ̀fọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá gbogbo ẹnu dúró. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ó lè jẹ́ nídìí oúnjẹ, ó lè jẹ́ nígbà tó ń ya irun, á dúró, ojú rẹ̀ á yípadà.

"Orrin, wọ́n ní wọ́n yìnbọn pa Roy. Ta ló pa á?"

"Èmi ni," Orrin á ní.

Ìgbà gbogbo ni Marvel máa ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Láwọn ọjọ́ kan, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní òun mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọn á sì jọ sunkún. Láwọn ọjọ́ mìíràn, á gbá a létí. Ọjọ́ tí mo lọ gbẹ̀yìn, ó dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Jáde nílé mi," ó ní. "Àbúrò mi kan ṣoṣo. Jáde, kí n má rí ẹ mọ́."

Orrin mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Mo tẹ̀lé e. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti le jù, ó kó ọwọ́ sábẹ́ abíyá. Mo ní kó wá jókòó sínú ọkọ̀ mi, ooru wà níbẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Kò ní pẹ́."

A dúró. Yìnyín ń bọ́ lé fìlà rẹ̀. A gbọ́ tó ń sunkún nínú ilé, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, lẹ́yìn náà a gbọ́ tó ṣí ẹ̀rọ omi. Ilẹ̀kùn ṣí. Marvel yọjú, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Orrin Haugland, kí lò ń ṣe nínú òtútù níbẹ̀ yẹn? Ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?"

"Mò ń bọ̀, Marvel mi," Orrin ní. Ó gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀, ó sì wọlé.